Fíìsà ẹ̀ ti expire, a sì fẹ́ fẹ́ra: ṣé kó kọ́kọ́ padà sílé ni?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Houston ni mò ń gbé, mo di sítísìn Amẹ́ríkà lọ́dún tó kọjá. Ọkùnrin tí mò ń fẹ́, ọmọ Kenya ni, Minnesota ló wà, ibẹ̀ ló wá kàwé sí ní 2019. Ọdún kẹta rèé tá a ti ń fẹ́ra, a máa ń ríra bíi lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì. Fíìsà ẹ̀ expire ní 2024, kò sì padà sílé. A ti ṣe tán láti fẹ́ra báyìí. Àbúrò màámi ní ká sáré lọ sí kóòtù, pé bá a bá ti so yìgì báyìí, páálí ẹ̀ ti jáde nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ ni, pé òfin ọdún mẹ́wàá ti mú un, kó yáa padà sí Kenya kí n wá fi fíìsà àfẹ́sọ́nà mú un wọlé, kí ìwé ẹ̀ lè mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Èwo ni ká ṣe?”

Àbúrò mi, ohun tó tù mí nínú jù nínú lẹ́tà ẹ ni pé kò tíì sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì Nairobi. Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú nìkan ni mò ń ṣe, mo sì ti jókòó ti tọkọtaya tó pọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn jọ tiyín. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn burú jù kì í ṣe àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ jù, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbéra kí wọ́n tó béèrè ni. Bí ọ̀rọ̀ ẹ ṣe yé mi, nǹkan méjì lò ń bẹ̀rù tó o wá lọ́ pọ̀: àkọ́kọ́, ṣé ìjọba ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọkùnrin yìí, ìkejì, ṣé ìgbéyàwó lè ṣí i padà. Ìdáhùn méjèèjì wà lára ìwé kan tó ò dárúkọ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí fíìsà fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. Fíìsà ni bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú pásípọ́ọ̀tù ní ẹ́ńbásì, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kó gbé èèyàn dé iwájú ofísà ní ẹ́apọ́ọ̀tù lọ. Ofísà yẹn ló ń pinnu iye ọjọ́ tó máa lò, ibi tí wọ́n sì ń kọ ìyẹn sí ni I-94. Tẹ́nìkan bá ti wọlé, déètì ara fíìsà ò ní nǹkan kan án ṣe mọ́ àfi tó bá fẹ́ jáde kó tún padà wọlé. Èèyàn lè wà n'Amẹ́ríkà pẹ̀lú fíìsà tó ti expire láti ọdún mẹ́ta kó má ṣẹ òfin kankan, ẹlòmíì sì lè ní fíìsà tó ṣì ku ọdún mẹ́jọ lára kó ti di arúfin, torí wọ́n fún un lóṣù mẹ́fà ó sì lo mẹ́sàn-án. I-94 yìí, kí òun fúnra ẹ̀ wọ i94.cbp.dhs.gov, kó tẹ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ẹ̀, ó máa jáde. Ọ̀fẹ́ ni o, tẹ́nìkan bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó rí i, ojúlé onígbájúẹ̀ lẹ wà.

Ọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan, akẹ́kọ̀ọ́ lòun náà, kò tíì jókòó dáadáa tó ti ṣí pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀ lórí tábìlì mi, ó fi ìka lé déètì tó wà lára fíìsà, ìka yẹn ń gbọ̀n. Ó ní láti ọdún méjì lòun ò ti jẹ́ kọjá níbi tí ọlọ́pàá bá wà, tóun bá rí wọn lọ́nà òun á wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ òun jù. Mo ní kó mú I-20 ẹ̀ wá, ìyẹn ìwé tí iléèwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè. Ọdún kan àtoṣù mẹ́rin ló kù lára ẹ̀, ó ń lọ kíláàsì déédéé, kò ṣẹ̀ sẹ́nì kankan. Ó kàn ń sá fáwọn tí kò wá a ni. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, kò rẹ́rìn-ín, ṣe ló dákẹ́, ó ní oúnjẹ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun ò kan òun lẹ́nu torí ẹ̀rù pé wọ́n á mú òun lọ́nà.

Ìdí tí mo fi sọ ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le yé jù. Ẹni tó bá fi F-1, fíìsà akẹ́kọ̀ọ́, wọlé bí àwọn ti 2019 ṣe wọlé, kì í sí déètì lára I-94 ẹ̀, lẹ́tà méjì ló máa ń wà níbẹ̀, D/S, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé bó o bá ṣe ń ṣe ohun tó gbé ẹ wá tó náà lo lè dúró tó. Nítorí náà mi ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin ẹ wà lábẹ́ òfin tàbí kò sí, torí o ò sọ bóyá ó ṣì ń kàwé. Tó bá ṣì ń kàwé, tí iléèwé ẹ̀ ṣì fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nínú SEVIS, ìyẹn ìwé ìjọba orí kọ̀ǹpútà tó ń tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kò sí wàhálà, ẹ lọ sùn. Tó bá ti parí, wọ́n máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá tí wọ́n ń pè ní OPT, oṣù mẹ́rìnlélógún míì tó bá jẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí ẹ̀rọ ló kà, lẹ́yìn ìyẹn ọgọ́ta ọjọ́ láti palẹ̀ ẹrù mọ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti tán tó sì ṣì jókòó, a jẹ́ pé kò sí lábẹ́ òfin mọ́. Bó o ṣe kọ ọ́ pé “kò sì padà sílé” jẹ́ kí n máa fura pé ibi tọ́rọ̀ ẹ̀ dé nìyẹn, màá sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ó kan ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́wàá tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ. Kò parọ́, ó kàn gbé òfin náà lé orí ẹni tó lè má bá mu ni. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe òfin yẹn, April 1, 1997 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ju 180 ọjọ́ lọ gbé láìtọ́ tí kò sì pé ọdún kan, tó bá jáde, ọdún mẹ́ta ni kò ní lè wọlé. Tó bá pé ọdún kan tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún mẹ́wàá. Wo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín yẹn dáadáa: tó bá jáde. Òfin yẹn kì í mú ẹni tó jókòó, ẹsẹ̀ tó bá gbé kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà ló ń tẹ okùn ẹ̀. Ìkejì, kíka ọjọ́ yẹn fún ẹni tí I-94 ẹ̀ ní déètì ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì déètì náà, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní D/S, kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ àwọn ìwé yìí wò, bá sọ ọ́ nínú ìpinnu kan pé o ti jáde kúrò lábẹ́ òfin, tàbí kí adájọ́ ìgbélùú sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti yí ìyẹn padà ní 2018, kóòtù dá wọn dúró, ní February 2020 ó wá di ìdádúró pátápátá. Torí náà ọkùnrin ẹ lè ti fi ọdún méjì wà láìsí lábẹ́ òfin kí iye ọjọ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ṣì jẹ́ òdo. Ẹni tí kò sí lábẹ́ òfin àti ẹni tó ń ka ọjọ́ àìtọ́, ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì.

Ṣùgbọ́n má torí ẹ̀ ní kó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ ẹ yẹn ló léwu jù nínú gbogbo ohun tó o kọ. Fíìsà àfẹ́sọ́nà, K-1, ẹni tó wà ní ìta ni wọ́n ṣe é fún: sítísìn á kọ́kọ́ kọ ìwé fún un, ẹ gbọ́dọ̀ ti ríra lójúkojú láàárín ọdún méjì tó ṣáájú, á lọ fún íńtáfíù ní ẹ́ńbásì, tó bá wọlé ẹ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láti ṣègbéyàwó, lẹ́yìn náà ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ìwé green card tẹ́ ẹ̀ bá ti ṣe níbí láìsí gbogbo wàhálà yẹn. Ẹni tó wà nínú ilé kì í jáde síta kó lè wá kan ilẹ̀kùn. Kò sì sí ohun tó ń jẹ́ kí ìwé mọ́ nípa pípadà sílé, kò sẹ́ni tó ń fi ọṣẹ fọ àkọsílẹ̀ ìgbélùú. Tó bá wá jẹ́ pé nígbà kan láàárín ọdún wọ̀nyí, ó jáde ó sì fi fíìsà àbẹ̀wò padà wọlé, tí I-94 tó gbẹ̀yìn sì ní déètì lára tó ti kọjá tó ọdún kan, a jẹ́ pé bó bá ṣe ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́dún mẹ́wàá ń bẹ̀rẹ̀. Bi í léèrè. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé àwọn lọ sí Canada fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ní kọ́sítọ́mà kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Fíìsà àbẹ̀wò ló fi wọlé, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún un, ó lo ọdún mẹ́rin. Ìyàwó ẹ̀, sítísìn, ti fi gbogbo ìwé ẹ̀ sílẹ̀, a kàn ń retí ọjọ́ íńtáfíù ni. Ìyá ẹ̀ kú lọ́jọ́ Friday kan. Lọ́jọ́ Tuesday ó pè mí, ariwo ìlù ló ń wá láti ẹ̀yìn ẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti délé o, ẹ bá mi sọ fún wọn pé màá padà ní ọ̀sẹ̀ méjì.” Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò lè bá a wí, ta ni kò ní sin ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ìwé ìyọ̀ǹda ìrìnàjò kó tó jáde, fún ìdí yẹn ìwé green card ẹ̀ ti di ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ jù nù, ọdún mẹ́wàá sì ti lé e lọ́rùn. A wá ń bẹ̀bẹ̀ fún àforíjì, ìyẹn I-601, níbi tó ti di dandan ká fi ẹ̀rí hàn pé ìyàwó ẹ̀ máa jìyà tó kọjá ìyà tí ìyapa lásán ń fà, ìwé dókítà, ìwé bánkì, ìwé iléèwé àwọn ọmọ. Ọmọ wọn kékeré kọ́ ìrìn lójú fídíò.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń gbé Houston lọ́tọ̀: ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ tó ń gbéra ní Galveston, tó ń gbé èèyàn lọ sí Cozumel lọ́jọ́ márùn-ún, jíjáde kúrò n'Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ẹ má lo ó fún ìsinmi ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni South Padre Island, Texas ni lóòótọ́, ẹ ò sì ní kọjá ibodè kankan láti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, yálà ẹ gba Falfurrias tàbí Sarita, Border Patrol, àwọn ọlọ́pàá ibodè, wà lójú títì tí wọ́n ń bi gbogbo ọkọ̀ léèrè pé ṣé sítísìn ni yín.

Ká wá sọ ti àbúrò màmá ẹ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ jóòótọ́. Ìgbéyàwó kì í bí páálí, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìwé fún ọkọ ẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó ti sún mọ́ òótọ́ ni pé òfin fojú rere wo ọkọ tàbí aya sítísìn ju ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ń pè é ní ìbátan tó sún mọ́ jù, kì í tò sórí ìlà, tó bá sì ti jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé, tí ofísà yẹ̀ ẹ́ wò tó sì jẹ́ kó wọlé, wọn ò ní torí pé ọjọ́ ẹ̀ ti kọjá tàbí pé ó ṣiṣẹ́ láìgbàṣẹ sọ pé kò lè gba green card láìjáde kúrò níbí. F-1 ló fi wọlé, ìyẹn ti tó. Ká ní green card ṣì ni ìwọ náà ní, ọ̀rọ̀ máa yàtọ̀ pátápátá, torí ìdáríjì yẹn ò sí fún ọkọ ẹni tó ní green card lásán, màá ní kẹ́ ẹ dúró títí wàá fi búra. Ìbúra tó o ṣe lọ́dún tó kọjá yẹn ni ohun tó wúwo jù lọ́wọ́ yín, ó ju ìwé kóòtù lọ.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣègbéyàwó (Texas máa ń ní kẹ́ ẹ dúró fún wákàtí 72 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gba láísẹ́nsì kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kó má lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì), ìwọ máa kọ I-130, ìwé tó o fi ń sọ fún ìjọba pé ọkọ ẹ ni, òun máa kọ I-485, ìwé tó fi ń béèrè green card, ẹ lè fi méjèèjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti April 2024, I-130 jẹ́ dọ́là 675 tó bá jẹ́ bébà, 625 tó bá jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, I-485 jẹ́ 1,440, ìwé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn, I-765, jẹ́ 260. Ẹ máa yẹ owó náà wò lójú òpó USCIS lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ gan-an, wọ́n ń yí i. Láti October 28, 2025 wọn ò gba ṣẹ́ẹ̀kì tàbí money order mọ́, káàdì tàbí kí wọ́n fà á tààrà látinú bánkì ni. Èsì àyẹ̀wò dókítà, I-693, gbọ́dọ̀ bá I-485 lọ lọ́jọ́ kan náà, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń mú wá lọ́jọ́ íńtáfíù mọ́, ọwọ́ dókítà tí USCIS fọwọ́ sí nìkan ló sì ti lè wá.

Ibi tí mo ti fẹ́ kó o fara balẹ̀ jù rèé, torí ohun tó ń ba irú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ fíìsà tó expire. Jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pa fóònù, kó o bi í láwọn ìbéèrè tí mi ò lè bi í láti ibí. Ṣé ó ti fẹ́yàwó rí, ní Kenya tàbí níbí, ṣé ìwé ìkọ̀sílẹ̀ sì wà? Ṣé ẹnìkan ti kọ ìwé fún un rí, ìgbéyàwó àṣesanwó ńkọ́? Tí ìjọba bá rí i pé ó ti ṣe ìgbéyàwó ẹ̀tàn rí torí páálí, kódà tiyín ì báà jẹ́ òótọ́ bí ojúmọ́, wọn ò ní fọwọ́ sí ìwé tìẹ láéláé. Ṣé ó ti lo J-1, fíìsà pàṣípààrọ̀, rí, tó ní àdéhùn pé kó padà lọ lo ọdún méjì nílé? Ṣé ó ti gba ìwé ìpè kóòtù ìgbélùú rí tí kò lọ? Ẹlòmíì ti ní ìdájọ́ ìléjáde lọ́rùn tí kò mọ̀, lẹ́tà ti lọ sílé tó ti kó kúrò.

Èyí tó ń dun èmi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni ti iṣẹ́. Iṣẹ́ láìgbàṣẹ ní tiẹ̀, mo ti sọ pé òfin á fojú fò ó. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe rí iṣẹ́ náà? Gbogbo ẹni tó bá gba iṣẹ́ n'Amẹ́ríkà ló ń kọ I-9, àpótí kékeré mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń béèrè pé ta ni ẹ́, èyí àkọ́kọ́ ní “sítísìn Amẹ́ríkà.” Ọmọdébìnrin kan wá sọ́dọ̀ mi, nọ́ọ̀sì, ọkọ ẹ̀ sítísìn, ìfẹ́ wọn ò lábùlà. Àṣé nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọ̀gá ẹ̀ ní kó kàn mú àpótí àkọ́kọ́ yẹn kí iṣẹ́ lè yá, ó sì mú un. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní kéèyàn fi irọ́ sọ ara ẹ̀ di sítísìn, kò sì sí fọ́ọ̀mù àforíjì tó lè jẹ́ kó gba green card nípasẹ̀ ọkọ. Fíìsà tó expire láti ọdún mẹ́fà, wọ́n á dárí ẹ̀ jì í, bíro tó fi mú àpótí kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn ò dárí ẹ̀ jì í. Bákan náà lẹni tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbi tó ti lọ gba láísẹ́nsì ọkọ̀. Tí irú ẹ̀ bá wà, ẹ má fi ìwé kankan ránṣẹ́ síbì kankan, ẹ gbé ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kọ́kọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ jíjìnnà síra yín. Kò sí òfin tó ní tọkọtaya gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan kí ìgbéyàwó wọn tó jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ojú tí ofísà fi máa wo ẹni tó wà ní Houston àti ẹni tó wà ní Minnesota tí wọ́n sáré fẹ́ra lẹ́yìn tí páálí ẹnìkan ti bà jẹ́, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń rí tó ń ba èèyàn jẹ́ níbí yìí ni irọ́ àdírẹ́ẹ̀sì: wọ́n á ní àwọn jọ ń gbé, fọ́ọ̀mù I-130A á sì béèrè gbogbo ibi tó ti gbé láti ọdún márùn-ún, ìwé owó orí á sọ tiẹ̀, báńkì á sọ tiẹ̀. Ẹ sọ òótọ́. Ẹ ní iṣẹ́ ló yà wá, ẹ wá kó ẹ̀rí ọdún mẹ́ta jọ: tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, ọ̀rọ̀ orí WhatsApp látìbẹ̀rẹ̀ (kì í ṣe gbogbo ẹ̀ o, ẹ mú ti oṣù kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, títí kan èyí tẹ́ ẹ ti jà, ìjà ò ṣeé dá ọgbọ́n sí), fọ́tò pẹ̀lú ẹbí, owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síra yín. Mo ti rí tọkọtaya tí ofísà bi léèrè pé ta ló máa ń sanwó tíkẹ́ẹ̀tì, ìyàwó ní òun ni, ọkọ ní òun ni, wọ́n wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn níwájú ofísà pé ta ló san ti November. Ofísà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tó fẹ́ra tòótọ́ kì í há ìdáhùn sórí. Síbẹ̀ tí ọ̀kan nínú yín bá lè kó lọ bá èkejì kí ọjọ́ íńtáfíù tó pé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òun ló bá kó, ọjọ́ mẹ́wàá péré ló ní láti sọ fún ìjọba pé àdírẹ́ẹ̀sì òun ti yí padà.

Mi ò ní tàn ẹ́ pé kò séwu nínú fífi ìwé sílẹ̀. Láyé àtijọ́, tí ìwé ọkọ sítísìn bá ti wà lọ́dọ̀ USCIS, wọ́n máa ń fi í lọ́rùn sílẹ̀. Láti February 2025 wọ́n ti ní táwọn bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ẹni tí kò sí lábẹ́ òfin, àwọn á fún un níwèé ìpè kóòtù ìgbélùú, ní August ọdún náà wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn pé I-130 nìkan kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Nígbà tó fi di ìparí 2025 ìròyìn ti jáde láti San Diego pé wọ́n mú àwọn ọkọ àti aya sítísìn nínú ọ́fíìsì íńtáfíù gan-an, àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé ọjọ́ wọn ti kọjá. Nítorí náà mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó dá lọ. Ṣùgbọ́n jíjókòó láìṣe nǹkan kan ò dáàbò bò ó náà, wọ́n lè mú un níbi iṣẹ́, wọ́n lè mú un lójú títì, kò sì ní sí ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú tí ìwé ẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣì lè gba green card níwájú adájọ́ kóòtù ìgbélùú. Tí mo bá gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n, tí kò bá sí ìdájọ́ ìléjáde, tí kò bá sí irọ́ sítísìn, tí kò ní ẹjọ́ ọ̀daràn, màá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, ìdáhùn mi yí padà, mi ò sì lè mọ̀ ọ́n láti inú lẹ́tà. Lọ́yà tàbí aṣojú tí ẹ̀ka ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ìwé yìí, kì í ṣe ẹni tó ń bá èèyàn ṣe owó orí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kó o tó fọwọ́ sí ohunkóhun, mọ ohun tó wà lọ́rùn ìwọ náà. I-864 tó o máa fọwọ́ sí, àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ni pé ẹrù ọkùnrin yìí ò ní bọ́ sí wọn lọ́rùn. Fún ilé ẹlẹ́ni méjì, owó tó ń wọlé fún ẹ lọ́dún gbọ́dọ̀ tó dọ́là 26,437 ní ìṣirò 2025, ó ń gòkè lọ́dọọdún. Ìkọ̀sílẹ̀ kì í tú u. Yóò wà títí tó bá fi di sítísìn, tàbí tó fi ṣiṣẹ́ tó bíi ọdún mẹ́wàá, tàbí tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀ pátápátá, tàbí kí ikú dé. Green card àkọ́kọ́ náà, tí ìgbéyàwó yín ò bá tíì pé ọdún méjì lọ́jọ́ tí wọ́n fún un, ọdún méjì péré ló máa ní, ẹ ó sì jọ kọ I-751, ìwé tó ń yọ gbèdéke ọdún méjì yẹn kúrò, ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tó máa tán. Mi ò sọ ọ́ kí ìfẹ́ lè kúrò lójú ẹ, mo sọ ọ́ torí àwọn tí kì í fẹ́ gbọ́ ọ ni wọ́n ń padà wá sunkún lọ́ọ́fíìsì mi.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, òun ló ni í. Kó tẹ I-94 ẹ̀ jáde, kó wá gbogbo I-20 ẹ̀ látìgbà tó ti dé, àti káàdì iṣẹ́ OPT tó bá gba á. Kí pásípọ́ọ̀tù Kenya ẹ̀ má ti expire, èyí tiẹ̀ ṣe pàtàkì ju fíìsà inú ẹ̀ lọ báyìí. Ní ti ríra tíkẹ́ẹ̀tì, kó dáwọ́ wíwọ ọkọ̀ òfurufú dúró ná títí ẹ ó fi rí lọ́yà. Ìwọ ni kó máa lọ bá a, ìwọ lo ní pásípọ́ọ̀tù búlúù.